Wọ́n ń wá kíndìnrín ní yàrá àwọn tíṣà: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti Àkúrẹ́

Tíṣà Agric ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní ìhà Ọ̀dà Road, Àkúrẹ́. Ìyá Ìbejì ni gbogbo wọn ń pè é, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà á ṣe pè é. Mo ti yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí ará àdúgbò má baà máa fi ìka tọ́ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ẹ̀ka tí a ti ń tọ́jú àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀, lílọ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí lọ ṣàlàyé sì wà lára iṣẹ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni mo ń kọ ọ́ fún, àmọ́ kò sí èèwọ̀ bí tíṣà bá kà á.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára Ìyá Ìbejì tipẹ́. Ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ ló máa ń lo oògùn. Ọjọ́ tí orí kò bá fọ́, oògùn á sinmi nínú báàgì. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ní ìdúró kíláàsì ló fà á. Ẹnì kan júwe àgbo fún un ní Ọjà Ọba, ó rà á, ó ń mu ún láràárọ̀. Ìgbà tí oúnjẹ kò dúró nínú rẹ̀ mọ́, tí òsúkè kò sì jẹ́ kó lè parí gbólóhùn kan níwájú àwọn ọmọ, ni wọ́n tó gbé e wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín méjèèjì ti lọ.

Bó ṣe di ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ fún nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní dialysis. Ìlànà ni pé kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gorí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó rẹ̀ ká, nígbà tó yá ó di ẹ̀ẹ̀kan. Kópérétíìfù àwọn tíṣà yá a lówó débi tí òfin ẹgbẹ́ gbà wọ́n láyè dé. Wọ́n dá owó fún un, wọ́n tún dá a. Kò sí tíṣà kan ní ilé ẹ̀kọ́ náà tí owó rẹ̀ kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń fọ̀ fún un. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n ní aláìláàánú nígbà tó bá ka ohun tó ń bọ̀.

Dókítà àgbà wá sọ fún ẹbí pé bí wọ́n bá rí ẹni tó máa fún un ní kíndìnrín kan, ìyẹn ló máa sàn fún un jù lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹ̀kọ́ kíá. Pírínsípà pè wá pé kí á wá dá àwọn tíṣà òun lẹ́kọ̀ọ́ lórí fífi ẹ̀yà ara tọrẹ, “kí ojú wọn lè là, kí ẹnì kan sì lè yọjú.” Kí ojú wọn là, iṣẹ́ wa nìyẹn. Kí ẹnì kan yọjú, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ wa rárá, òun ló sì da nǹkan rú láti ìbẹ̀rẹ̀.

A kì í bẹ̀rẹ̀ irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ láìpín ìwé pélébé kan tí ìbéèrè wà lára rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ orúkọ sí. Ẹni tó bá rò pé àìmọ̀ ló máa bá níbẹ̀ á ṣì í. Wọ́n mọ̀ pé ènìyàn lè fi kíndìnrín kan ṣoṣo lo ayé rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Àwọn kan tiẹ̀ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Nàìjíríà: ní Èkó láti 2000, ní Ilé-Ifẹ̀ tó wà nítòsí wa níbí láti 2002. Ibi tí wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ ló yẹ kí á wò. Ẹjọ́ Ike Ekweremadu ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ, sẹ́nétọ̀ tí ilé ẹjọ́ Old Bailey ní Lọ́ńdọ̀nù rán lọ sẹ́wọ̀n ọdún 9 àti oṣù 8 ní 2023, nítorí ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú kúrò ní Èkó kí wọ́n lè gba kíndìnrín rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn mìíràn kọ igbó Ṣókà n'Íbàdàn, tí wọ́n ti bá òkú àti egungun ènìyàn ní 2014. Ní kúkúrú, ilé ẹjọ́ àti ọwọ́ gbọ́mọgbọ́mọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ara ti máa ń dé etí wọn. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè tí ìjọba buwọ́ lù ní 2014, tó sọ ẹni tó lè fúnni, ẹni tí kò lè fúnni àti ìyà ẹni tó bá tà á, ìwọ̀nba nínú wọn ló mọ̀ pé ó wà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá wọ́n lè fún ọmọ wọn ní kíndìnrín, tàbí ọmọ ìyá wọn, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni, láìronú. Fún ọmọ ìyá, ẹnì kan kọ ọ́ pé “ó dá lórí ìwà tó hù sí mi.” Fún alábàáṣiṣẹ́, òfìfo. Wọn kò kọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sì kọ rárá. Àga Ìyá Ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú yàrá kan náà, ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn SS2 tí kò tí ì máàkì ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, bírò pupa wà láàárín wọn. Ta ló máa kọ “rárá” lójú tábìlì yẹn?

Kí á tó kó ìwé jọ tán, pírínsípà ti dìde. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ó ní kí ẹni tí Ọlọ́run bá fọwọ́ tọ́ gbé ọwọ́ sókè. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Òṣìṣẹ́ afúnninímọ̀ràn tí a jọ lọ ló tètè gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu: “Ẹ jọ̀ọ́ ṣà, a kì í béèrè rẹ̀ láàárín èrò. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á wá bá wa lọ́fíìsì.” Pírínsípà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tíṣà rẹ̀ ló ń kú lọ lójú rẹ̀.

Ẹni tó yí ìpàdé náà padà ni tíṣà Báọ́lọ́jì. Ọkùnrin yìí lè fi ojú dídì ya kíndìnrín sí bọ́ọ̀dù pẹ̀lú gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ tó wọ inú rẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ fún àwọn tó kù nígbà tí mò ń ṣàlàyé. Gbogbo wa ti gbà pé tiwa ni. Àfi ìgbà tó nàka sókè. “Nọ́ọ̀sì, ohun tí mo mọ̀ yìí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí mo bá buwọ́ lùwé pé kí wọ́n mú ẹ̀yà ara mi, tí mo sì ní jàǹbá lọ́nà Iléṣà lọ́la, ṣé dókítà máa sáré gbà mí là, àbí á máa wo aago?”

Yàrá náà pariwo. Ohun tó wà nínú wọn ló gbé jáde. Mo fi ohun tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2010 sọ dá a lóhùn: dókítà tó máa sọ pé ènìyàn ti kú kò gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tó máa yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ tàbí àwọn tó máa fi sí ara ẹlòmíràn. Ó gbọ́, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà tí mo sọ èyí tó tẹ̀ lé e ni ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là: pé ní Nàìjíríà níbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíndìnrín tí wọ́n ń fi rọ́pò, ọ̀dọ̀ alààyè ló ti wá, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé ìwòsàn tó sì máa fi rìn jáde. Ètò gbígba ẹ̀yà ara lọ́wọ́ olóògbé kò tí ì fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó ní, “Ẹ̀rù ohun tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ni mo wá ń bà láti àárọ̀ nìyẹn?”

Ẹ̀bi àwọn àwòrán tí a máa ń gbé káàkiri ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọkàn tí Christiaan Barnard gbé sí ara ẹlòmíràn ní Cape Town ní December 1967 hàn, lẹ́yìn náà kíndìnrín tí Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe tó yọrí sí rere ní Boston ní 1954, wọ́n á kó méjèèjì sínú àpò kan náà. Ọ̀dọ̀ òkú ni wọ́n ti gba ti Cape Town, ọ̀dọ̀ ìbejì alààyè ni ti Boston. Ẹni tó bá kó wọn pọ̀ fún tíṣà á kó ẹ̀rù wọn pọ̀ fún un pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni a ti yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá, ọjọ́ kan fún alààyè, ọjọ́ mìíràn fún olóògbé, bí ọjọ́ mìíràn bá wà.

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ìyá kan tó ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ọmọ bíbí Oǹdó, béèrè pé bí òun bá padà wá sáyé, ṣé kíndìnrín kan ni òun máa gbé wá. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní wọ́n bí ọmọ kan ní agbolé àwọn tí àpá wà létí rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú ṣáájú, wọ́n ní àbíkú ni. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí òkú, ọmọ tó ń bọ̀ á gbé e wá: ibẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ ti wá, ó sì mọ́gbọ́n dání fún ẹni tó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Olùkọ́ni ìlera tó bá bá àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ti pàdánù gbogbo ẹni tó bá ti lé ní àádọ́ta ọdún nínú yàrá náà. A dá a lóhùn pé ìyẹn tún jẹ́ ọ̀ràn olóògbé, pé ẹni tó bá fún ọmọ ìyá rẹ̀ ní kíndìnrín lónìí máa wà láàyè láti rí ẹni tó fún, àpá rẹ̀ á sì san bíi ti obìnrin tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún. Ó ní òun gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà.

Ti ẹ̀sìn kò pẹ́. Tíṣà IRK dìde, ó ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Islam tó jókòó ní Jeddah ní 1988 ti fọwọ́ sí i, bí kò bá pa ẹni tó fúnni lára tí kò sì sí títà níbẹ̀. Tíṣà CRK kò fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn, ó ní Póòpù John Paul II sọ ọ́ fún àwọn dókítà ní Róòmù ní 2000 pé iṣẹ́ ìfẹ́ ni. Àwa tí a gbé ìwé lọ pé a fẹ́ fi dá ẹ̀sìn lóhùn, a ká a sápò.

Tíṣà eré ìdárayá ló sọ èyí tí mo ṣì ń ronú lé. Ó ní ní June 2022, lẹ́yìn ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀, tí wọ́n kéde pé kí èèyàn wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, òun lọ, òun kò sì béèrè ẹni tó máa gbà á. “Ẹ̀jẹ̀ máa padà, Nọ́ọ̀sì. Kíndìnrín kì í hù.” Ìlà tí òfin fúnra rẹ̀ fà nìyẹn, láàárín ohun tó ń hù padà àti ohun tí kì í hù, tíṣà náà kò sì ka òfin rí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa. Tíṣà PTA ni, àwọn òbí ló ń sanwó rẹ̀, owó tí kò tó nǹkan. Ó ń kọ́ wọn ní Ìṣirò. Ó ní òun fẹ́ fún Ìyá Ìbejì ní kíndìnrín kan. Kí á tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ilé ẹ̀kọ́ ti gbọ́. Wọ́n gbàdúrà fún un níbi àpéjọ àárọ̀, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹni tó bá tètè sọ bẹ́ẹ̀ ni ló yẹ kí á jókòó tì pẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ afúnninímọ̀ràn kò bi í nípa kíndìnrín rárá. Ó bi í pé ta ló mọ̀ nílé pé ó wá. Bàbá rẹ̀ wà ní Ìkàrẹ́, kò gbọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ó bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí àyẹ̀wò bá sọ pé kò bá a mu. Ọmọkùnrin náà dákẹ́, ó ní, “Mà, wọ́n ní wọ́n á bá mi sọ̀rọ̀ ní TESCOM,” àjọ ìjọba tó ń gba tíṣà síṣẹ́. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ òbí ló ṣèlérí fún un pé bó bá ṣe é, orúkọ rẹ̀ máa wà lára àwọn tí ìjọba máa gbà síṣẹ́. Bóyá ẹni náà tiẹ̀ lágbára rẹ̀, mi ò mọ̀.

Òfin 2014 ò pé méjì lórí èyí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tó fúnni gba owó tàbí èrè mìíràn, àfi kí wọ́n dá ìnáwó tó tọ́ tó ná padà fún un. Iṣẹ́ ìjọba, èrè ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju òfin lọ ni pé ọmọkùnrin yẹn kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ta nǹkan, àwọn tó ṣèlérí fún un náà kò sì rí ara wọn bí ẹni tó ń rà. Ẹjọ́ Ekweremadu tí gbogbo wọn kọ sí ìwé, wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kékeré láàárín ara wọn pẹ̀lú àdúrà àti àtẹ́wọ́.

Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àwọn tó fẹ́ fúnni wò kò gbà á. Gẹ́gẹ́ bí àṣà iṣẹ́ wa, a kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. A ní “kò bá a mu” ni. Ète rere ni àṣà náà ní: ẹni tí kò fẹ́ tàbí tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn lè gba ibẹ̀ jáde láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n ní yàrá àwọn tíṣà, “kò bá a mu” ní ìyẹ́. Wọ́n ní wọ́n rí nǹkan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tó wí i tí kò dárúkọ àìsàn, èkejì á dárúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra. Nígbà tí táàmù parí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Àkúrẹ́. Nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, òun ló san owó tó wọ́n jù, kò sì sí àpá kankan lára rẹ̀.

Ohun tí a yí padà lẹ́yìn rẹ̀ rọrùn. Kí ẹnikẹ́ni tó yọjú rárá ni a ti máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ilé báyìí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wá ni ìgbìmọ̀ máa dá padà, pé nítorí iṣẹ́ wọn ni, nítorí ilé wọn, nítorí ohun mẹ́wàá tí kò kan àìsàn, àti pé ìgbìmọ̀ kì í sọ ìdí. Bí wọ́n bá ti gbọ́ èyí ṣáájú, ìdápadà á ti di ohun tí wọ́n ń retí.

Táíwò àti Kẹ́hìndé ló tún kàn. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n, wọ́n ń múra ìdánwò WAEC. Wọ́n ti kà á lórí fóònù pé ìbejì ni ti Boston 1954, wọ́n wá gbà pé jíjẹ́ ìbejì ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe, pé bí ti Táíwò kò bá bá ìyá wọn mu, ti Kẹ́hìndé á bá a mu. Ìbejì Boston ń fún ara wọn ni. Ara kan náà ni wọ́n jọ ní, ìdí nìyẹn tí ara ẹni tó gbà kò fi kọ̀ ọ́. Ìyẹn rọrùn láti ṣàlàyé. Èyí tó le ni pé olùkọ́ kíláàsì wọn, obìnrin tó fẹ́ràn wọn gidigidi, ti ń bá wọn ka oṣù tó kù kí wọ́n pé ọdún 18, nítorí ó ti gbọ́ lẹ́nu mi pé òfin kò gbà kí á yọ ohun tí kì í hù padà lára ẹni tí kò tí ì pé 18. Ẹnu ọ̀nà ni òun rí nínú ohun tí òfin fi ṣe ògiri. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn yẹn, lórí ibùsùn ẹ̀rọ, pẹ̀lú ohùn tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́: òun kò bí wọn láti fi wọ́n ṣe oògùn.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó bọ́ sí ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Oǹdó. Ìtọ̀ rẹ̀ ní purotéènì, àmì pé kíndìnrín tirẹ̀ náà lè ti ń bàjẹ́, wọ́n dá a padà lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá ṣeré lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ní ìdí. Ní 2010 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ jíìnì kan, ohun tí a ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tí wọ́n ń pè ní APOL1. Oríṣi rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá ń gbani lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun (sleeping sickness), ṣùgbọ́n ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tó tún jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá, ewu àrùn kíndìnrín rẹ̀ máa ń ga. Ohun tó bá ba ti ẹ̀gbọ́n jẹ́ lè máa dúró de ti àbúrò.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kù, awakọ̀ tó ń ná Àkúrẹ́ sí Ìdànrè. Àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn bá ara mu. Ó fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́, ó sì ní ẹnu láti sọ ọ́: “Ta ló máa wa mọ́tò? Ta ló máa san owó ilé?” Àwọn ẹbí ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ọ̀tá. Lójú tèmi, nínú gbogbo ìbéèrè tí mo gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ni kò ní ẹ̀rù asán kankan nínú.

Bàbá bíríkìlà kan láti Oǹdó la ránṣẹ́ pè, ẹni tó ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kíndìnrín ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Kò ní àwòrán, kò ní ìwé. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ká ẹ̀wù sókè, ó fi àpá ìhà òsì hàn obìnrin náà. Ó ní ti òsì ni wọ́n sábà máa ń mú nítorí pé òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gùn jù. Ó ní ẹ̀rín dùn ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ikọ́ dùn ún jùyẹn lọ. Ó ní òun kò fọwọ́ kan bíríkì fún oṣù mẹ́ta, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àwọn jáde. Gbogbo ẹbí ọkọ ń fojú sọ fún un pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ní ọdọọdún ni òun ń lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun kò sì gbé oògùn ara ríro sẹ́nu mọ́ láìbi dókítà. Obìnrin náà bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ ṣì ń ṣiṣẹ́?” Ó ní kí ó wá wo àtẹ́lẹwọ́ òun.

Ìrora àti ebi tó sọ gan-an ló jẹ́ kí obìnrin náà gbà á gbọ́. Ó kúrò lórí “rárá”, ó bọ́ sórí “báwo ni a ṣe máa ṣe é.” Ibẹ̀ ni àwọn tíṣà ti rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé kò lòdì sí pé kí wọ́n dá ìnáwó tó ṣeé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ padà fún ẹni tó fúnni, títí kan owó iṣẹ́ tó pàdánù. Kópérétíìfù gba ẹrù náà, ọ́fíìsì wa ń tọ́jú gbogbo rìsíìtì: owó ọkọ̀, owó àyẹ̀wò, owó oúnjẹ. Wọ́n wá awakọ̀ mìíràn tó ń wa mọ́tò náà, tó ń jíṣẹ́ owó fún ìyàwó ní alẹ́ alẹ́. Àwọn tó ń wá ẹni tó máa fún Ìyá Ìbejì ní kíndìnrín ní yàrá àwọn tíṣà, owó oúnjẹ ilé awakọ̀ kan ló jẹ́ ipa tiwọn.

Ilé ìwòsàn ńlá kan lẹ́yìn odi ìpínlẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere. Awakọ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ìbejì náà padà sí kíláàsì, pẹ̀lú oògùn tí kò gbọdọ̀ fò lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ kí ara má baà kọ àlejò náà, owó oògùn yẹn kò sì kéré. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí tíṣà Báọ́lọ́jì kò mọ̀ ni pé wọn kì í sábà yọ àwọn kíndìnrín tó ti bàjẹ́ kúrò. Ìsàlẹ̀ ikùn, lápá ọ̀tún, ni wọ́n gbé tuntun sí. Ó ní kí Ìyá Ìbejì fọwọ́ tọ́ka sí i fún òun, obìnrin náà ní kó lọ kà á nínú ìwé rẹ̀.

A padà lọ pín ìwé pélébé kan náà. “Rárá” tí wọ́n kọ sí ìbéèrè alábàáṣiṣẹ́ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, òfìfo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìròyìn ránṣẹ́ sókè á sọ pé iṣẹ́ wa bàjẹ́. Èmi kà á sí èrè: ẹnikẹ́ni kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́, wọ́n lè sọ òótọ́. Àwọn kan fi àlàyé kún un, “bí wọ́n bá máa tọ́jú ilé mi”, “lẹ́yìn tí mo bá bá ọkọ mi sọ ọ́.” Ìdáhùn ẹni tó ti ronú nìyẹn.

Igbákejì pírínsípà tiẹ̀ ṣe ju ìyẹn lọ. Òfin gbà kí ènìyàn fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀ de ẹ̀yìn ikú, nínú ìwé ìhágún tàbí nínú ìwé tí ẹlẹ́rìí méjì jẹ́rìí sí, tàbí kó fi ẹnu sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ó kọ ọ́ pé kí wọ́n mú ojú òun. Tíṣà Báọ́lọ́jì buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ẹni tó ń bẹ̀rù dókítà ọ̀nà Iléṣà. Nígbà tí igbákejì pírínsípà fi han àkọ́bí rẹ̀ nílé, ọmọ náà ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí n gbọ́ ọ mọ́.” Ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ lọ́jọ́ Sunday Sunday. Mo sọ fún un pé ìjíròrò yẹn wúlò ju ìwé lọ, nítorí lọ́jọ́ náà, ọmọ yẹn ni wọ́n máa bá nílé.

Nípa bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí a ń bi àwọn tíṣà ti yí padà. A kò bi wọ́n pé ṣé wàá fúnni mọ́. A ń bi wọ́n pé ta lo ti bá sọ ọ́, kí sì ni ẹni náà wí. Alààyè tó ti fúnni rí ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, a sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má yọ ìrora kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn bá sì pè wá, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi pírínsípà ni bóyá ẹnì kan wà nínú àwọn tíṣà rẹ̀ tàbí ẹbí wọn tó ń wá kíndìnrín lọ́wọ́. Bí ó bá ní ó wà, ẹ̀jẹ̀ ríru la máa ń lọ sọ níbẹ̀ lọ́dún náà, a máa ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n dání, a sì ń rán ẹbí aláìsàn sí ọ́fíìsì.